Afẹ́fẹ́ Tó Ṣìnà

Ilẹ̀ Iná ni àwọn atukọ̀ àtijọ́ sọ erékùṣù wa,
ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ni ín.
Afẹ́fẹ́ ló tẹ àwọn igi wa dojú bolẹ̀,
ló ń ṣí páànù, ló ń lé àgùntàn wọ odò.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbí,
n kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́ ìta.
Èyí tó wọlé síbi tí a kò pè é sí ni mo bẹ̀rù.

Eliseo, ìwọ kò rí ara rẹ lọ́jọ́ náà.
Jẹ́ kí n rò ó fún ọ.

Abo ẹṣin tí ẹ ń pè ní Ìyàwó ta ọ́ nípàá.
O dìde, o gbọn eruku, o ní kò sí nǹkan,
o tilẹ̀ rẹ́ irun àgùntàn méjì sí i.
Ọkùnrin!
Ìgbà tí Barría fi gbé ọ dé ọ̀dọ̀ mi nínú ọkọ̀ ẹran,
ọ̀rọ̀ ti di ẹyọ kan ní èémí kan:
"Ìhà." O mí. "Mi." O mí. "Nọ́ọ̀sì."

Mo ká ẹ̀wù rẹ sókè.
Apá òsì àyà rẹ ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ;
apá ọ̀tún wú, ó dúró gangan,
bí ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ látinú.
Mo fi rọ́bà etí mi gbọ́ òsì: ó ń hó.
Mo gbọ́ ọ̀tún: kẹ́kẹ́ pa.
Mo fi ìka lu ìka lórí ìhà rẹ,
ó dún bí agbè máté wa nígbà tí a bá fà á gbẹ.
Iṣan ọrùn rẹ yọ bí okùn ìjánu,
ètè rẹ ń di àwọ̀ aró.
Nígbà náà ni mo wo gògóńgò rẹ:
kò sí láàárín mọ́. Ó ń sún sí òsì,
bí ẹni tí àlejò burúkú ń tì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ jò nínú ẹ̀dọ̀fóró," ni mo sọ fún Barría,
"kò rí ọ̀nà ìta,
bó bá ṣe ń mí náà ló ń sanra sí i.
Ẹ̀dọ̀fóró ti rún wọ kọ̀rọ̀ bí aṣọ ìdọ̀tí.
Ó ti ń kan ọkàn báyìí."
Barría ní ká pe bàálù.
Bàálù wo? Nínú ìjì yìí?
Bó bá tilẹ̀ gbéra, òkè a máa mú afẹ́fẹ́ inú wú sí i.
Fọ́tò àyà ńkọ́? Òdì kejì omi ni fọ́tò wà.
Ẹni tó bá dúró de fọ́tò, òkú ni yóò yà.

Mo mú abẹ́rẹ́ tó gùn jù.
Mo ka ìhà láti òkè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.
Orí ẹ̀kẹta ni mo gbà wọlé, n kò gba abẹ́ èkejì,
torí abẹ́ ìhà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ sùn sí,
a kì í tẹ ejò tó ń sùn nírù.
Ọwọ́ mi gbọ̀n. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.
Mo gún un.

Ṣìììììì.

Mo ti gbọ́ igbe ọmọ tuntun tó lé ní igba,
kò sí èyí tó dùn tó ariwo táyà tó ń jò yẹn.
Gògóńgò rìn padà sórí ìjókòó rẹ̀.
Aró ń ṣí kúrò létè rẹ. O ní, "Òùngbẹ ń gbẹ mí,"
ọ̀rọ̀ mẹ́ta, èémí kan ṣoṣo!

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ìwòsàn, àkókò ló rà.
Mo ki rọ́bà bọ ìhà rẹ nísàlẹ̀ abíyá,
mo ti ẹnu rẹ̀ kejì bọ omi nínú ìgò,
kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kó má lè padà.
Wákàtí mẹ́rin lórí òkúta títí dé etí omi.
Ọmọ Barría ń wa ọkọ̀; Barría jókòó sílẹ̀,
ìgò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀,
torí mo ní bó bá gbé e ga ju àyà rẹ lọ, màá pa á.
Ó ń ka ìhó omi bí ẹni ń ka àgùntàn wọ ọgbà.
Nígbà tó dé irinwó, ó sùn lọ. Ìgò kò yẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ni ìhó dáwọ́ dúró.
Dókítà ní o ò gbọdọ̀ fa sìgá mọ́ láéláé.
Lánàá, ẹnì kan fa sìgá lẹ́yìn ọgbà ẹṣin.
N kò rí ojú ẹni náà.
Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ìlú yìí, Eliseo,
kì í bá ènìyàn pa àṣírí mọ́.